Àṣìṣe JAMB: Bí Sáfà Tí Wọn Ò Tún Ṣe Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ìjà Ẹ̀yà Sílẹ̀ Láàárín Wa



Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, jókòó níwájú àwọn oníròyìn l'Ábújà, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní àṣìṣe wọ inú ìdánwò àwọn ọmọ 379,997, ó ní òun gba ẹ̀bi rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Kò sí ẹni tí fídíò yẹn kò dé orí fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ìsọ̀ kan ní Paparanda níbí, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ti jọ ń mu tíì láràárọ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn létí. Ọ̀kan jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ. Ìkejì jẹ́ ọmọ Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọmọ Ìgbò yìí ní àbúrò òun ṣe ìdánwò ní Enugu, ọmọ tó mọ̀wé, èsì rẹ̀ kò tó 150. Ó ní "ọkùnrin yín yẹn" ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí ló kan òun níbẹ̀, ṣé òun ni JAMB ni? Ohùn wá ń lọ sókè, àwọn ọlọ́kadà dúró ń wò wọ́n.

Mo wà níbẹ̀, èmi pẹ̀lú àwọn mìíràn la là wọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "yín" yẹn ni mo gbé délé. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ ohun tí "yín" máa ń dà tí kò bá tètè kúrò nílẹ̀. Ní Lọ́kọ́ja níbí, ó ṣì rọrùn díẹ̀ fún wa, nítorí àwọn ará Okun, Kábà, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, ọmọ onípìnlẹ̀ ni wọ́n, èdè wa kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. (Tí ẹ bá pe ará Kábà ní àlejò níbí, ẹ ó gbọ́ tiyín.) Ẹ wá ro ti àwọn èèyàn wa tó ní ìsọ̀ ní Onitsha, ní Aba, ní Enugu wò, láàárín ọ̀sẹ̀ tí àwọn aṣòfin láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn ń sọ ní gbangba pé kí Olóyèdé fi ipò sílẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń kọ ọ́ káàkiri pé ọmọ Yorùbá fẹ́ pa ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ Ìgbò.

Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀yà nínú rárá. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni: ẹ̀rọ kan bàjẹ́, kò sì sí nǹkan kan tó ké gbàjarè lásìkò. Mo fẹ́ ká lóye rẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe òun ló máa ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú iye tí JAMB fúnra rẹ̀ kà sílẹ̀. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ kàn. Marùndínláàádọ́rin nínú wọn, ìyẹn 65, wà l'Ékòó, àwọn ọmọ 206,610 ló sì ṣe ìdánwò níbẹ̀. Méjìléláàádọ́rùn-ún, ìyẹn 92, wà ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn, àwọn ọmọ 173,387. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èkó ló pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá kan jókòó, ó ní òun fẹ́ fìyà jẹ ọmọ Ìgbò, ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòròdú? Ọmọbìnrin kan tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó rí èsì rẹ̀, Ìkòròdú yẹn náà ni. Kí Ọlọ́run tu ìdílé rẹ̀ nínú.

Kogí kò sí nínú àwọn ibi tí wọ́n dárúkọ, nítorí náà àwọn ọmọ tó ṣe é ní Lọ́kọ́ja níbí bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n l'Ékòó kó lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, a ní lẹ́sìnnì tó dáa wà níbẹ̀, ibùdó tó ní iná tó dúró wà níbẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú 206,610 yẹn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ohun tí JAMB fẹ́ ṣe kò burú. Wọ́n fẹ́ da ìbéèrè àti ìdáhùn rú pátápátá, kó jẹ́ pé A tọmọ kan kọ́ ni A tẹni tó jókòó tì í, kí ìjíwèéwò lè dópin. Wọ́n tún yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ ìdáhùn wò padà, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀rọ yára sí i, kó má máa há mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àtúnṣe báyìí, àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é ní patch, bí ẹni tó lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Sáfà JAMB sì pín sí agbo méjì: ọ̀kan ń jẹ́ KAD, láti ara orúkọ Kaduna, ìkejì ń jẹ́ LAG, láti ara orúkọ Èkó. LAG yìí ló ń bójú tó Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́ KAD. Wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ LAG. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ tó gba kọngílá iṣẹ́ náà gbé sídìí LAG kò ṣe àtúnṣe sí àwọn sáfà kan. Ìjókòó ìdánwò 16 àkọ́kọ́ ló kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ìkẹtàdínlógún kí àbùlẹ̀ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀. Ká ní mo ní ìsọ̀ méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní ọjà tuntun. Mo kọ nọ́ńbà sára pẹpẹ, mo sì kọ ìwé iye owó: pẹpẹ 1 mílíìkì, pẹpẹ 2 ṣúgà, pẹpẹ 3 ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan mo tún ẹrù tò ní ìsọ̀ méjèèjì, mo kọ ìwé tuntun, mo fún ọmọ ìsọ̀ tibí, mo gbàgbé láti fún ti ọjà tuntun. Oníbàárà dé, ó mú mílíìkì lórí pẹpẹ 3. Ọmọ ìsọ̀ wo ìwé àtijọ́, ó ní ọṣẹ ló wà ní pẹpẹ 3, ó gba owó ọṣẹ. Oníbàárà ò ṣẹ̀. Ọmọ ìsọ̀ ò jalè. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ò ya. Síbẹ̀ gbogbo ìṣirò tọjọ́ yẹn, irọ́ ni, títí di alẹ́ tí mo bá jókòó kà á.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún àwọn ọmọ yẹn. Ìbéèrè jáde, wọ́n dáhùn, ẹ̀rọ kò kú, iná ò lọ, kò sí nǹkan tó fi hàn pé ó bàjẹ́. Irú ìbàjẹ́ tó burú jù nìyí. Ẹ̀rọ tó kú pátápátá, gbogbo èèyàn á mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń purọ́, ta ni yóò mọ̀?

Ìbéèrè kan ṣì wà lọ́kàn mi tí n kò tíì rí ẹni dáhùn. Tí àbùlẹ̀ bá ti dé LAG ní ìjókòó 17, ó túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ẹnì kan kan LAG. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wo 16 tó ti kọjá? Olóyèdé fúnra rẹ̀ sọ pé wọn ò rí àṣìṣe náà títí wọ́n fi gbé èsì jáde ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 24 oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàárín.

Ìgbà tí èsì wá jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọmọ, nínú bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 955, tí máàkì wọn kò pé 200 nínú 400. Ẹ̀yin òbí, iná pupa nìyẹn! Àmọ́ kí ni àwọn ọ̀gá sọ? Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní bí ọmọ ṣe fìdí rẹmi tó yẹn fi hàn pé ìdánwò lọ bó ṣe yẹ, wọ́n ti mú òpin bá ìjíwèéwò. N kò bú u o. Mo kàn ń sọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí èèyàn kò bá ní ẹ̀rọ tó ń sọ òótọ́ fún un, ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi ka àmì tó bá rí. Ọ̀gá rí àwọn ọ̀lẹ ọmọ. Ọmọ Ìgbò ní Paparanda rí ọ̀tá Yorùbá. Àmì kan náà ni àwọn méjèèjì wò.

Ta ló wá ṣe iṣẹ́ ìkìlọ̀ náà nígbẹ̀yìn? Àwọn ọmọ fúnra wọn ni, àti òbí wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kọ ẹ̀hónú. Ọ̀gbẹ́ni Alex Onyia, tó ni ilé-iṣẹ́ Educare, kó ẹ̀hónú àwọn ọmọ jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun yóò gbé JAMB lọ sílé ẹjọ́. Ariwo yẹn ló jẹ́ kí JAMB fa àyẹ̀wò ọdọọdún wọn síwájú, èyí tí wọn ì bá ṣe ní oṣù kẹfà. Ká ní wọ́n dákẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ni wọn ì bá ti na ọmọ tí kò ṣẹ̀.

Wàyí o, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti mọ̀ tipẹ́ pé èèyàn ń gbàgbé. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ṣọ́ iṣẹ́ wọn lọ. Tí òṣìṣẹ́ kan bá yí ìlà kan ṣoṣo padà nínú ètò, ẹ̀rọ náà yóò kó gbogbo ètò jọ látìbẹ̀rẹ̀, yóò dán an wò, bó bá fọ́, yóò fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀: nǹkan ti bàjẹ́, ẹni tó ṣe àtúnṣe kẹ́yìn nìyí, ibi tó ti bàjẹ́ nìyí. Ọ̀kan tó lókìkí nínú irú ẹ̀ ń jẹ́ Jenkins, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ọ́fíìsì kan tiẹ̀ gbé iná sórí tábìlì, ewéko bí nǹkan bá dáa, pupa bó bá fọ́, kí ẹni tó ń kọjá lọ gba omi mu náà lè rí i. Irú ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ ètò ààbò ló ń yẹ̀ wò: ṣé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé? Ṣé ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ jáde láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń lò? Ṣé gbogbo sáfà ló gba àtúnṣe kan náà?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Lójú tèmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́wàá, ohun méjì péré ì bá ti gba JAMB. Èkíní, kí ẹ̀rọ ka nọ́ńbà àtúnṣe tó wà lórí sáfà kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹyọ kan bá yàtọ̀, kí ìdánwò má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èkejì, kí wọ́n dá ọmọ àfọwọ́ṣe kan sílẹ̀ ní agbo sáfà kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò sí láyé, tí ẹ̀rọ mọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Kó jókòó ṣe ìdánwò ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 400. Ọjọ́ tó bá gba 180, kí gbogbo fóònù àwọn ọ̀gá máa dún. Ìyẹn ì bá ti mú LAG ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan nirú eléyìí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Knight Capital, ṣíà ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Sáfà mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ ṣe àtúnṣe sí, kí ọjà ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012 tó ṣí. Òṣìṣẹ́ wọn ṣe méje, kò ṣe ìkẹjọ. Ìkẹjọ yẹn jí ètò àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ọjà ṣí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣíà, ó ń tà á, kò dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó ti ṣe káràkátà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Owó tó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Kí ọdún kejì tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sínú ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ gbọ́ èyí tó jẹ mí lógún níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣèwádìí, wọ́n rí i pé kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ yẹn, ẹ̀rọ Knight ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, tó ń dárúkọ ètò àtijọ́ yẹn gan-an. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún! Kò sí ẹni tó ṣe nǹkan kan sí i. Wọn ò kà á sí ìkìlọ̀, wọ́n kà á sí pàǹtírí tí ẹ̀rọ ń tú jáde. Owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là ni wọ́n tún gbà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 2013.

Àwa ará Lọ́kọ́ja kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni àjọ NIHSA tó ń ṣọ́ omi ń gbé ìkìlọ̀ ẹ̀kún omi jáde, Lọ́kọ́ja kì í sì í wọ́n nínú rẹ̀, torí ibí ni odò Ọya àti odò Benue ti pàdé. A rí 2012. A rí 2022, tí omi gba títì Lọ́kọ́ja sí Ábújà mọ́lẹ̀ ní ọ̀nà Koton-Karfe, tí ọkọ̀ elépo àti ọkọ̀ ẹrù tò sójú ọ̀nà fún ọjọ́ pípẹ́, tí èèyàn tó lé ní 600 sì kú jákèjádò Nàìjíríà. Mo ní ẹrù nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò kìlọ̀. Ìkìlọ̀ dé, àmọ́ ó ti dé lọ́dún tí omi kò wá, àwọn ará Adánkolo àti Ganaja sì ti gbọ́ ọ títí ó fi dà bí ìpolówó ọjà. Ìkìlọ̀ tó bá ń dún lójoojúmọ́ láìní ẹni tó ń dáhùn kò yàtọ̀ sí èyí tí kò dún.

Fún ìdí èyí, tí JAMB tàbí àjọ ìjọba mìíràn bá sọ fún wa lọ́la pé àwọn ti ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀, ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ wa bi wọ́n ni pé: tó bá dún, fóònù ta ni? Ṣé ẹni yẹn láṣẹ láti dá ìdánwò dúró, àbí yóò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tí yóò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá? Ilé-iṣẹ́ tó gba kọngílá náà ńkọ́, ṣé òun ló ń ṣọ́ ara rẹ̀? Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹkún Olóyèdé jẹ́ ẹkún ọmọlúàbí, ọ̀pọ̀ ọ̀gá nílẹ̀ yìí ni kò jẹ́ gba ẹ̀bi láé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó tún ìdánwò ṣe láti ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọjọ́ méjì péré, tó sì jẹ́ pé àárín WAEC ló wà, kò lè fi omijé ọ̀gá wọ yunifásítì.

Ó ku apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó kan àwa gan-an: ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative figbe ta pé ìkànnì kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà, NIN, BVN, ní 100 náírà. Wọ́n ní àwọn fi 100 náírà bẹ́ẹ̀ ra NIN mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Bosun Tijani, àti ti ọ̀gá àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú fúnra rẹ̀, Vincent Olatunji. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹta, àwọn oníròyìn FIJ ti kọ nípa ìkànnì mìíràn, XpressVerify. NIMC ní kò sẹ́ni tó fọ́ ilé ìkó-ìsọfúnni àwọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Tí kò bá sí ẹni tó fọ́lé, a jẹ́ pé ẹnì kan tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí i fún èrò. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ń ṣílẹ̀kùn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà lóru, ó yẹ kí ẹ̀rọ kan bi í pé kí lò ń wá.

Fún àwa tí a ń gbé lóko, NIN yẹn ni gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá ní NIN rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ lè lọ gba síìmù rẹ ṣe lọ́nà èrú, tó bá ti gba síìmù, ó kù díẹ̀ kó dé báǹkì. Tí wọ́n bá lo orúkọ rẹ hùwà ìbàjẹ́ ní ìlú onílùú, ìwọ ni wọn yóò kọ́kọ́ wá, torí ìwọ ni "yín".

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ẹgbẹ́ àwọn èèyàn wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, akọ̀wé wọn ṣí ìwé kan sórí Google, ó ní kí kálukú wọlé kọ orúkọ, ilé tó ń gbé, fóònù, NIN, nọ́ńbà báǹkì, àti orúkọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Kó lè rọrùn fún àwọn àgbàlagbà, ó fi í sí ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní líǹkì náà yóò fi lè ṣí i. Ó gbé líǹkì sórí WhatsApp. Àwọn kan gbé e lọ sí ojú ìwé ìjọ, àwọn kan fi ránṣẹ́ sí aya wọn, ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣì ní in. Bó ṣe wà nìyẹn fún oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó ní ète burúkú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbàgbé LAG kò ní ète burúkú.

Òfin wà lórí irú rẹ̀ báyìí o. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni. Ẹni tó bá ń kó ìsọfúnni èèyàn jọ, ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ẹgbẹ́ wa náà sì wà nínú rẹ̀. Tí ó bá jò jáde débi tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni wọ́n fún un láti fi tó àjọ NDPC létí. Mélòó nínú àwọn akọ̀wé wa ló ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí?

Mo fi fóònù ọmọ mi, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ṣí líǹkì yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló jáde. Mo lọ bá akọ̀wé nílé ní alẹ́ Sátidé, mo fi hàn án. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ta ló ráyè àwa tó ń ta gààrí àti aṣọ?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ ká tì í." Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí a fi tì í: a yọ ọ́ kúrò ní ẹnikẹ́ni, a kọ ímeèlì àwọn ìgbìmọ̀ márùn-ún péré sí i. Mo wá sọ fún un pé láti ìsinsìnyí lọ, tí ẹni tí kò sí nínú márùn-ún yẹn bá fẹ́ wọlé, yóò ní láti tọrọ àyè, Google yóò sì fi ímeèlì tó o létí. Ó ní ó dáa.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó ṣí ìsọ̀, ó pè mí. Ìbéèrè méje ti wọlé. Ó dá márùn-ún mọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ó ka orúkọ méjì yòókù fún mi lórí fóònù, ó tún un kà, ó wá dákẹ́ díẹ̀.

"Àbúrò," ó ní, "ta ni àwọn wọ̀nyí?"